Ohun Tí Ìbéèrè Ìdánwò Ń Pa Láṣẹ

Nínú ìbéèrè ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń pàṣẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ń sọ ohun tí ìbéèrè dá lé lórí. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe. Nínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, ó lè jẹ́ "state", "describe", "explain" tàbí "discuss". Nínú ìwé ìbéèrè Yorùbá, ó lè jẹ́ "dárúkọ", "tọ́ka sí", "ṣàpèjúwe" tàbí "ṣàlàyé". Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó, kí ó sì gba máàkì méjì nínú mẹ́wàá, nítorí pé ìbéèrè tí wọn kò bi í ló dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Ìkirè àti Apòmù bó ṣe kan ọmọ Èkó. Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Apòmù ni ti Ìṣọ̀kan, méjèèjì sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní agbègbè ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ìdánwò tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama kì í ṣe ti àdúgbò. WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ń ṣètò ìdánwò fún Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gáńbíà àti Làìbéríà. NECO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, náà ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tó máa máàkì ìwé ọmọ Apòmù kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì lè pè é kí ó bi í ní ohun tó ní lọ́kàn. Ìlànà ìmáàkì nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ àṣẹ béèrè ni wọ́n sì kọ sínú ìlànà náà. Léraléra ni ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC ń sọ ọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í fara balẹ̀ ka ìbéèrè, wọn kì í sì í tẹ̀lé ìtọ́ni.

Ní 1956, Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde tó pín iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà, láti orí ká rántí ohun tí a kọ́ títí dé orí ká ṣe ìdájọ́ lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè ṣì ń tẹ̀lé ìpele wọ̀nyí títí di òní. Ìrántí ni "list" ń béèrè; ìdájọ́ ni "to what extent" ń béèrè. Bí ìpele bá ṣe ń ga ni máàkì ń pọ̀.

Ogun Òwu lábẹ́ oríṣiríṣi àṣẹ

Bí a bá mú ìtàn kan ṣoṣo, tí a fi ọ̀rọ̀ àṣẹ oríṣiríṣi bèèrè rẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn yóò hàn kedere. Ìtàn Ogun Òwu bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí pé ọjà Apòmù ló ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ọjà ńlá ni Apòmù ní ilẹ̀ Ifẹ̀, níbi tí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé níbẹ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú. Oníkòyí, ọba Ìkòyí, àti Tóyèjẹ, olórí Ògbómọ̀ṣọ́, ránṣẹ́ sí Olówu, ọba Òwu, pé kí ó fòpin sí i. Òwu gbógun ti àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Ifẹ̀ nítorí ìjínigbé yìí. Ifẹ̀ dìde láti gbẹ̀san, ṣùgbọ́n Òwu ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí títa ataare ní ọjà Apòmù. Òwu kọlu Apòmù, ó sì pa á run. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó wà níbẹ̀ pàdánù ẹrù wọn, àwọn mìíràn pàdánù ẹ̀mí. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wá para pọ̀, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n dó ti Òwu títí ìlú náà fi tú ní àwọn ọdún 1820. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú. Idà agẹdẹngbẹ ni Òwu gbójú lé.

"List" àti "mention" kò fẹ́ ju orúkọ lọ. Bí ìbéèrè bá sọ pé "List three groups that fought against Owu", Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ ni ìdáhùn, ó sì parí síbẹ̀. Odidi ojú ìwé kan lórí Ifẹ̀ kò lè fi máàkì kan kún un; àkókò ìbéèrè mìíràn ló ń jẹ. "State" fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀: gbólóhùn kan tó pé fún kókó kọ̀ọ̀kan. Fún "State two causes of the Owu War", akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ pé wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà Apòmù, àti pé ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lórí títa ataare. Kí ó kọ "ataare" nìkan kò tó. Ataare kì í jagun. "Outline" àti "highlight" sún mọ́ "state", àmọ́ wọ́n ń fẹ́ kí kókó tẹ̀ léra, gbólóhùn kan tàbí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni "describe" àti "explain", nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń lo ọ̀kan fún èkejì. Ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ta ló gbá a, ta ló gbà á, ibo ló bọ́ sí. "Describe" nìyẹn. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá wọlé lọ sinmi, ẹlòmíràn á wá sọ ìdí tí ẹgbẹ́ kan fi ń jìyà lápá òsì. "Explain" nìyẹn. "Describe the events that led to the fall of Owu" fẹ́ ìtàn tó wà lókè yìí ní ìtẹ̀léra, láìfo ìgbésẹ̀ kankan, kò sì fi dandan béèrè ìdí. "Explain how a market quarrel led to war" fẹ́ kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí ìjà ataare ni Òwu fi kọlu Apòmù. Ìkọlù yẹn ló sọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣòwò jẹ́ẹ́jẹ́ di ọ̀tá Òwu. Ifẹ̀ sì ti ní ìbínú tẹ́lẹ̀ nítorí ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, ìdí sì nìyẹn tó fi rọrùn fún àwọn méjèèjì láti di ọ̀rẹ́. Ọ̀nà kan wà láti yẹ ìdáhùn "explain" wò kí ọwọ́ tó kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá sí "nítorí", "ìdí nìyẹn" tàbí "èyí ló mú kí", tàbí irú wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, níbì kankan nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpèjúwe ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ.

"Account for" yẹ fún ìkìlọ̀ tirẹ̀. "Account for the fall of Owu" ń béèrè ìdí: ìṣọ̀kan àwọn ọ̀tá, ìbọn tó kojú agẹdẹngbẹ, ìdótì tó ń tán ìlú lókun. "Give an account of the fall of Owu" ń béèrè ìtàn. Ọ̀rọ̀ "account" wà nínú méjèèjì, ohun tó yí i ká ló yàtọ̀, ìdáhùn ọ̀kan kò sì lè gba máàkì fún èkejì.

"Discuss" ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára jù. Ọ̀pọ̀ gbà pé "kọ gbogbo ohun tí o mọ̀" ló túmọ̀ sí, wọ́n á sì da àpò ìmọ̀ wọn sílẹ̀ sórí ìwé. Ohun tó ń béèrè gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kí ó fi ẹ̀rí ti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, kí ó sì sọ ibi tí òun dúró sí. Ó ku ibì kan o: bí iye bá tẹ̀ lé e, bí "Discuss five effects of the Owu War", apá méjì kọ́ ni wọ́n ń wá. Kókó márùn-ún ni wọ́n fẹ́, kí a ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa nínú ìpínrọ̀ tirẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ nínú ìbéèrè ìtàn àti ti ìjọba, àwọn ìwé atọ́nà tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè kì í sì í sábà mẹ́nu kàn án.

"To what extent" ń béèrè ìwọ̀n. Ká ní ìbéèrè náà ni "To what extent was the quarrel over alligator pepper responsible for the Owu War?" Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ataare ló fà á kò tíì dáhùn; ẹni tó bá kọ ọ́ pé ataare kọ́ ló fà á kò tíì dáhùn bákan náà. Ìdáhùn tó pé yóò gbà pé ìjà ataare ló tanná ran ogun ìkẹyìn, yóò sì fi hàn pé ìjínigbé, ìyà tí Ifẹ̀ ti jẹ lọ́wọ́ Òwu àti agbára tí Òwu ń gbójú lé ti wà nílẹ̀ kí ataare tó dé. Yóò wá sọ èyí tó wúwo jù. Ìwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ hàn láti gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ó má ṣe dúró di ìparí. "Assess", "examine" àti "evaluate" nínú ìtàn àti lítíréṣọ̀ ń rìn lójú ọ̀nà kan náà.

Kòkó, àgbàdo àti ẹ̀wà

Agbègbè Ìkirè àti Apòmù jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbin kòkó, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ti fi ojú ara wọn rí ohun tí ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ń sọ. Ìmọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀ lábẹ́ "describe": ohun tó ti mọ́ ojú lára ni ọwọ́ máa ń fò. Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàpèjúwe bí a ṣe ń ṣètò èso kòkó fún títà, kí ó má ṣe ti orí fífọ́ fò dé orí sísá. Wọ́n ń fọ́ pódi, wọ́n ń yọ èso rẹ̀, wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, wọ́n ń yí i láàrin ìgbà náà, kí wọ́n tó sá a títí omi inú rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìbéèrè bá wá yí padà sí "Explain why cocoa beans are fermented", gbogbo ìtẹ̀léra yẹn di ẹrù tí kò wúlò. Ìdí ni wọ́n ń wá: kí nǹkan funfun tó bo èso lè yọ́ kúrò, kí èso má lè hù mọ́, kí adùn ṣokoléètì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Compare" ń béèrè ìjọra àti ìyàtọ̀. "Contrast" àti "distinguish between" ń béèrè ìyàtọ̀ nìkan. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìpínrọ̀ kan lórí àgbàdo, kí ó kọ òmíràn lórí ẹ̀wà, kí ó wá fi ìyàtọ̀ sílẹ̀ fún olùyẹ̀wò láti wá fúnra rẹ̀. Olùyẹ̀wò kò ní wá a. Ìyàtọ̀ kan gbọ́dọ̀ mú àwọn méjèèjì pàdé lórí ohun kan náà: iṣan ewé àgbàdo ń tẹ̀ lé ara wọn láìpàdé, ṣùgbọ́n ti ẹ̀wà ń so kọ́ra, gbòǹgbò àgbàdo pọ̀ ní ìdì kan, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ní gbòǹgbò ńlá kan tí àwọn kéékèèké yà lára rẹ̀, èso àgbàdo kò ṣeé là sí méjì bí a ti ń la ti ẹ̀wà. Kí a má sọ pé àgbàdo ga, ẹ̀wà sì dùn. Gíga àti adùn kò pàdé níbì kankan.

"Draw and label" ní òfin tirẹ̀ nínú báyọ́lọ́jì. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ya á, àwòrán gbọ́dọ̀ tóbi, kò gbọdọ̀ ní kíkùn dúdú, ìlà tó ń tọ́ka sí ẹ̀yà ara gbọ́dọ̀ tọ́ láìní orí ọfà, kò sì gbọdọ̀ gba orí òmíràn kọjá. Àkọlé àti ìwọ̀n ìmútóbi ní máàkì tiwọn. Nínú kẹ́mísírì alágbèéṣe, ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí ohun tí a fi òye gbé. Bí a bá da ásíìdì sórí òkúta ẹfun, ìhó gáàsì tí kò ní àwọ̀, tó ń sọ omi láìmù di funfun bíi wàrà, jẹ́ ohun tí ojú rí. Pé gáàsì náà ni carbon dioxide jẹ́ òye. Ẹni tó bá kọ òye sí ojú ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ojú rí ti sọ máàkì náà nù, bí òye náà tilẹ̀ tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ nínú ìṣirò

Nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ àṣẹ kéré, ṣùgbọ́n kò gba gbẹ̀rẹ́. "Factorise x² − 5x + 6" fẹ́ (x − 2)(x − 3), kò sì fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Solve x² − 5x + 6 = 0" fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ síwájú títí yóò fi sọ pé x jẹ́ 2 tàbí 3. "Show that" ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdáhùn tán, nítorí náà gbogbo máàkì wà nínú ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ẹni tó bá kàn tún ìdáhùn náà kọ kò rí nǹkan kan gbà. "Hence" ń pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní apá tó ṣáájú. "Hence or otherwise" gbà á láyè láti gba ọ̀nà mìíràn. "Correct to two decimal places" náà jẹ́ àṣẹ, máàkì sì wà lórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń yí ìtumọ̀ padà láti iṣẹ́ kan sí òmíràn. "Evaluate" nínú ìṣirò ni kí a wá iye. Nínú lítíréṣọ̀ ni kí a wọn ohun kan, ká sì dá a lẹ́jọ́. "Differentiate" nínú báyọ́lọ́jì ni kí a fi ìyàtọ̀ hàn. Nínú ìṣirò, tí y bá jẹ́ 3x², 6x ni ìdáhùn rẹ̀.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìwé Yorùbá àti ti JAMB

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Yorùbá ti ní ohun èlò tó tó lọ́wọ́ láti fi lóye ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, bí olùkọ́ bá lè ràn án lọ́wọ́ láti so wọ́n pọ̀. Àròkọ alápèjúwe ni "describe". Àròkọ oníròyìn ni "give an account". Àròkọ alálàyé ni "explain". Àròkọ aláríyànjiyàn sún mọ́ "discuss". Nínú gírámà Yorùbá, "tọ́ka sí" fẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ jáde nìkan. Nínú gbólóhùn "Ìyá ra dòdò ní Ìkirè", bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí ọ̀rọ̀-ìṣe, "ra" ni ìdáhùn. Bí wọ́n bá ní kí ó sọ iṣẹ́ tí "dòdò" ń ṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ́ ni ìdáhùn. Iṣẹ́ àbọ̀ ló ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kí ó pín "Ìkirè" sí sílébù, Ì-ki-rè ni yóò kọ. Bí wọ́n bá ní kí ó fi ìhun rẹ̀ hàn, F-KF-KF ni (F dúró fún fáwẹ̀lì, K fún kọ́ńsónáǹtì).

Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì WAEC, máàkì 50 ló wà nílẹ̀, 10 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀. Kókó yìí ni ẹni tó ṣi àṣẹ gbọ́ ń pàdánù kí wọ́n tó débi gírámà rẹ̀. "For or against" ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú apá kan ṣoṣo, kí ó sì jà fún un. Ẹni tó bá ń gbè fún apá méjèèjì níbẹ̀ ti kọ "discuss" síbi tí wọn kò ti béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ìtàn parí pẹ̀lú gbólóhùn kan, gbólóhùn náà gan-an ló gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Nínú ìsọníṣókí, "in three sentences, one for each" túmọ̀ sí gbólóhùn mẹ́ta gẹ́lẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru kókó kan, láìgbé gbólóhùn ayọkà wá bó ṣe wà.

Ìdánwò JAMB jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 180 sì wà láti dáhùn láàrin wákàtí méjì. Eré sísá yẹn ló ń mú kí ojú fo "NOT" àti "EXCEPT", tàbí kí ó ka "opposite in meaning" sí "nearest in meaning". Àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn ìdàkejì fi sábà máa ń wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń ka ìbéèrè kan

Ìtọ́ni tó wà lókè ìwé ló kọ́kọ́ yẹ ní kíkà. "Answer four questions in all, choosing at least one from each section" ń sọ iye, ó sì ń sọ ibi tí a ti máa mú wọn. Ẹni tó bá mú mẹ́rin láti apá kan ṣoṣo ti rú òfin rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi pẹ́ńsù yí ọ̀rọ̀ àṣẹ ká, kí ó fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń pààlà, bí iye, ọdún tàbí orúkọ ibì kan, kí ó sì wo iye máàkì. Máàkì méjì fún "explain" kò lè túmọ̀ sí ojú ìwé kan. Bí àṣẹ bá jẹ́ méjì, bí "State and explain three reasons", ìdajì máàkì lè wà lórí "explain". Akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ìdí mẹ́ta sọ láìṣàlàyé yóò jáde tayọ̀tayọ̀, yóò sì máa ṣe kàyéfì nígbà tí èsì bá dé.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ìdánwò táàmù tó kún fún "Write short notes on" láti JSS1 títí dé SS2 ń kọ́ ọmọ ní àṣẹ kan ṣoṣo, WAEC á sì bá a pẹ̀lú mẹ́wàá tí kò tíì fojú rí rí. Kí àwọn olùkọ́ ní Ìkirè, Apòmù àti àwọn ìlú tó yí wọn ká máa fi gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ tí WAEC ń lò kọ ìbéèrè táàmù wọn láti JSS1, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ rí ìlànà ìmáàkì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá ìwé padà.